Ìwé Tó Ní Ọ̀kọ́pẹ Jábọ́

Bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé tú yíǹkì sí mi lápò láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe àpò ṣòkòtò o, àpò àyà bùbá funfun ni, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí mo fẹ́ wọ̀ lọ kírun Jímọ́ọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tàn. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ó tún tàn sí i, bíi pé mò ń bẹ̀ ẹ́ kó tàn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ. Ó ní, "Bàbá ọmọ, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbé bíìkì kiri, kí ló ti fún yín rí tó ju àbàwọ́n lọ?" Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ronú títí, ni mo bá jókòó pẹ̀lú bùbá tútù lórí itan.

Mo rántí ìgbà tí bíìkì kan ṣoṣo sọ mí di ẹni tí wọ́n ń gbé àga fún. Ayé ìjọba rẹfolusiọ́n ni, nígbà tí gbogbo wa jẹ́ kámáràdì, tí ẹni tó fẹ́ nà ọ́ pàápàá á kọ́kọ́ pè ọ́ ní kámáràdì kó tó gbé pàṣán. Mo lọ sí ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ mi. Mo dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta bí ẹni tó ra ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ rí i pé mo ti ń hu irùngbọ̀n, ó ní kí n máa lọ sílé, kí n má baà fẹ́ ìyàwó nínú kíláàsì. Bí mo ṣe di akọ̀wé lẹ́tà nìyẹn. Mo gbé tábìlì kékeré kan kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lójú ọ̀nà Ìgolo, mò ń kọ lẹ́tà Faransé fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé, sí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tiwa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ìjọba, mo mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀. Àárín ni ìṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi ni òòbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn wa nígbà náà, mo sì ń fò bí àdán.

Ọdún tí ìjọba kámáràdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ni láìgba owó oṣù, tí ẹnu àwọn èèyàn sì ti ń là díẹ̀díẹ̀, ni lọ́yà kan wá bá mi láti Àjàṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín ni, ó lo awò ojú tó nípọn, ó ń nu òógùn bíi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ló wọ̀. Ó ní òun ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn tí jándámù, ọlọ́pàá oníbọn ìjọba, ti nà kọjá bí òfin ṣe gbà. Mo bi í pé ẹgba mélòó ni òfin gbà. Ó wò mí, ó ní òfin ò gba ẹyọ kan. Ó yà mí lẹ́nu gidi. Èmi ti rò pé òfin á gba bíi mẹ́wàá, pé àwọn jándámù ló kàn ń fi ènì sí i.

Ó gbé ìwé ìbéèrè kan fún mi: ọjọ́ wo, ibo, ta ni, kí ni wọ́n fi nà ọ́, ẹgba mélòó, ta ló rí i. Ó fún mi ní orúkọ àwọn tí òun ti gbọ́ ìròyìn wọn, ní Daagbé, ní Bánígbé, ní àwọn abúlé etí bọ́dà. Ó ní èmi lòun yàn torí pé mo gbọ́ Faransé, mo sì gbọ́ Yorùbá. Mi ò bá a jiyàn lórí ti àkọ́kọ́. Ó ní iṣẹ́ náà léwu, kí n lọ ronú sí i. Mo ní mo ti ronú. Irọ́ ni. Ohun tí mò ń rò ni dósíè aláwọ̀ ewé, páálí tó kó àwọn ìwé náà sí, tó gbé lé mi lọ́wọ́, bí màá ṣe gbé e sí abíyá gba àárín ọjà kọjá.

Àmọ́ orúkọ kẹrin nínú ìwé yẹn, mo mọ̀ ọ́n kí n tó kà á tán. Ọ̀kọ́pẹ kan ni, ẹni tó ń gun ọ̀pẹ gé ẹyìn, ní Bánígbé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má fi pamọ́ fún yín bí mo ṣe fi pamọ́ fún lọ́yà: èmi ni mo kọ ìwé tó ba ayé bàbá yẹn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, bàbá náà di kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń lọ sí Ìgolo. Àwọn jándámù kan ní ibùdó lójú ọ̀nà nígbà yẹn, ahéré onímọ̀ ọ̀pẹ kan báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ní epo yẹn, ti ìjọba ni, pé ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ló gbọ́dọ̀ rà á. Bàbá ní, "Ọ̀pẹ wo ni ìjọba gùn?" Ìdí ìbọn ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n lù ú títí egungun èjìká rẹ̀ òsì fi yẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀. Nígbà tí kò mira mọ́, ẹ̀rù wá ń ba àwọn náà. Ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pè mí lábẹ́ máńgòrò mi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn bá ọkùnrin kan nídìí ọ̀pẹ, pé ó jábọ́, pé àánú ẹ̀ ló ṣe àwọn tí àwọn fi fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi, ó kọjú sí ògiri, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo kọ ọ́. Ọ̀gá yẹn pè mí ní músíò akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó pè mí ní músíò, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, rí láyé. Orí mi wú débi pé mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un látọ̀dọ̀ ara mi, mo ní ọ̀pẹ náà ga. Ẹ wò ó. Wọn ò rán mi o.

Nítorí náà, Daagbé ni mo kọ́kọ́ gba lọ. Ìyá kan tó ń yan gàrí ni mo bá. Mo jókòó, mo ṣí dósíè, mo yí ohùn padà bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba, mo ní, "Ìyá, ẹgba mélòó ni wọ́n nà yín?"

Ó wò mí, ó wo gàrí, ó ní, "Ìwọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń nà ọ́, ìka wo lo máa fi kà á?"

Àwọn obìnrin tó wà nídìí ààrò rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há wọn lọ́fun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀. Ní ilé kejì, kò mọ̀. Ní ilé kẹta, ọkùnrin náà búra pé kò sẹ́ni tó na òun rí, bẹ́ẹ̀ eyín iwájú rẹ̀ mẹ́ta ló ti lọ. Bí mo ṣe ń darí lọ sílé, tí mo ń bínú sí gbogbo ará Daagbé pé wọn ò mọ ohun tó dáa, ìyá onígàrí pè mí padà.

"Akọ̀wé, bí èèyàn bá bọ́ lọ́wọ́ ewu, kí la máa ń kí i?"

Mo ní, "Ẹ kú ewu ni, Ìyá."

"Ṣé o ti kí mi?"

Ojú tì mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti àtìmọ́lé dé, èèyàn á lọ sílé ẹ̀, á mu omi ẹ̀, á ní Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni olúwarẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n na àwọn wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ kí wọn. Ẹni tó bá lọ, wọ́n lè ní òun náà mọ̀ nípa ohun tí wọ́n ṣe. Ìkíni yẹn ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, láìrí ẹni gbé e wá. Mo bá pa dósíè dé, mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú ìyẹ̀fun gàrí, mo ní, "Ẹ kú ewu, Ìyá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn jándámù." Ó ní kí n jókòó sí apá ọ̀tún òun. Ó ní wọ́n fi ìgbátí fọ́ etí òsì òun lọ́jọ́ tí òun ní kí wọ́n san owó gàrí tí wọ́n bù, pé láti ọjọ́ náà apá ọ̀tún nìkan ni èèyàn lè jókòó sí bá òun sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bó ṣe ń parí ẹ̀ ni ọkùnrin aláìléyín wọlé, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń kí èèyàn níbí.

Láti ìgbà yẹn, mi ò béèrè ẹgba mọ́. Mò ń kí èèyàn ni. Mo gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. Ẹnìkan ní wọ́n ní kí òun kúnlẹ̀ lórí èkùrọ́ látàárọ̀ di ọ̀sán. Ẹnìkan ní wọ́n ní kí òun máa wo oòrùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Mo rí i pé òótọ́ ni: wọ́n rántí àwọ̀ bàtà, wọ́n rántí òórùn ẹnu, wọ́n rántí ohun tó ń jó lórí iná nílé tí ẹnikẹ́ni ò rántí sọ̀ kalẹ̀. Mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú dósíè. Bánígbé nìkan ni kẹ̀kẹ́ mi ò fẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan táyà ló jò. Lọ́jọ́ kejì òjò ló ń ṣú. Lọ́jọ́ kẹta kò sí òjò, táyà sì le, ni mo bá ní inú ń run mí.

Nígbà tí mo wá débẹ̀, bàbá náà jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ fún ẹni tó ń di ìgbálẹ̀, iṣẹ́ àwọn arúgbó. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wà lórí ìṣó lára ògiri, ó ti gbẹ, aláǹtakùn ti ta sí i. Ìyàwó ẹ̀ bu omi fún mi. Mo ní, "Ẹ kú ewu, Bàbá."

Ó ní, "Ewu wo? Èyí tó wà lára mi ni àbí èyí tó wà nínú ìwé?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó ju ọwọ́ ẹ̀ tó ṣeé jù sí i. "Ìyẹn ò le. Ẹni tó ní ìbọn na ẹni tí kò ní. Èjìká ti jinná díẹ̀. Ohun tí kò jinná ni pé délégé, aṣojú ìjọba níbí, ka ìwé kan tí àwọn jándámù fún un sétí gbogbo abúlé ní ìpàdé, ó ní mo jábọ́ lórí ọ̀pẹ."

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀kọ́pẹ ló ni ọ̀pẹ. Àwọn olóko ló ń fi ọ̀pẹ wọn fún un, tó bá kọ ọ́ tán, wọ́n á jọ pín ẹyìn. Ẹni tó bá sì ti jábọ́ lẹ́ẹ̀kan, olóko ò ní fún un ní ọ̀pẹ mọ́. Wọ́n á ní ọ̀pẹ ti kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀kọ́pẹ kú sídìí ọ̀pẹ òun, torí ọ̀pẹ náà á di èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. Kí ọjọ́ ọjà tó yípo padà lẹ́yìn ìpàdé yẹn, gbogbo ọ̀pẹ bàbá ti lọ, ẹnìkan ò sì bi í ní nǹkan kan. Èjìká ẹ̀ ti ń gbé àáké, ara ẹ̀ ti yá láti gùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò gùn.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún, mi ò jábọ́. Bàbá mi gùn títí ó fi darúgbó, kò jábọ́. Akọ̀wé, fi ọ̀rọ̀ ẹgba sílẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò jábọ́, kí wọ́n kà á níbi tí wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì rí ọwọ́ tó kọ tẹ̀hún, ẹ bá mi mú un wá."

Ọwọ́ tó ń wá ló mú igbá omi ìyàwó ẹ̀ dání. Mo gbé omi náà mu tán, mo dúpẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Akínkanjú èèyàn ni mí.

Nígbà tí lọ́yà wá gba dósíè, ó kà á, ó ń mi orí. Ó wá ní ti ọ̀kọ́pẹ yìí, òun máa yọ ọ́. Ìwé kan wà ní ilé ìwòsàn tó ní ó jábọ́, àfi bí ẹni tó kọ ìwé yẹn bá jáde sọ pé irọ́ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé kan yìí á ba gbogbo ìyókù jẹ́. "Ṣé o mọ ẹni tó kọ ọ́?" Mo ní màá ṣèwádìí. Mo sì ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wádìí ara mi. Mo bi ara mi ní gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìbéèrè, ọjọ́ wo, ibo, ta ló rí i. Mo ní kò sẹ́ni tó rí i. Mo tún ní, ó dáa, Ọlọ́run rí i. Mo tún ní Ọlọ́run kì í lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ sú mi, mo gba Bánígbé lọ.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Jókòó."

"Mo ní èmi ni mo kọ ọ́."

Ìyàwó ẹ̀ ti bu omi kalẹ̀ níwájú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá náà, ó rọra da omi náà sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Bàbá ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n nà ọ́ kó o tó kọ ọ́ ni?" Mo ní rárá. "Wọ́n na ìbọn sí ọ?" Rárá. "Kí wá ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Mo ní, "Wọ́n pè mí ní músíò."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀rín yẹn fún ọ̀tá mi. Ó wá ní, "Délégé kà á pé ọ̀pẹ náà ga. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni mo fi kún un."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Mo wo igbà tó wà lára ògiri. Ó ní, "O máa mọ̀."

Bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀kọ́pẹ nìyẹn. Wọ́n ní àṣà kan láàárín ara wọn: ẹni tó bá parọ́ pé ọ̀kọ́pẹ jábọ́, òun fúnra ẹ̀ á fi igbà sí ìbàdí, á gun ọ̀pẹ lójú gbogbo ayé, á sọ ọ́ látòkè pé òun parọ́, á sì gé imọ̀ ọ̀pẹ kan sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbọ́. Mo ní mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àgbà wọn, bàbá kan tó gbẹ bí ìtàkùn, ní, "O ò lè gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé, a ò tíì rí òmùgọ̀ tó ṣe é." Wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà sí i, ní ojúde abúlé, níbi tí délégé ti ka ìwé. Mo ránṣẹ́ sí lọ́yà pé kó wá gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, délégé sáré jáde, ó ń di bọ́tìnnì. "Kámáràdì, ẹ ò gbàṣẹ ìpàdé!"

Àgbà ọ̀kọ́pẹ ní, "Ìpàdé kọ́, délégé. Ọ̀pẹ la fẹ́ kọ. Àbí a máa ń gbàṣẹ kí ẹyìn tó pọ́n?"

Wọ́n so igbà mọ́ mi níbàdí, wọ́n fi àdá kọ́ mi léjìká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí ọ̀kọ́pẹ tó ń lọ sókè bí ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ má tan ara yín jẹ. Ìtì ọ̀pẹ ń gún ẹsẹ̀, igbà ń jẹ ẹran ìbàdí, èèyàn á ju igbà sókè, á fẹ̀yìn tì í, á gbẹ́kẹ̀ lé okùn kan ṣoṣo pé kò ní já. Èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan. Mò ń dì mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo Bánígbé wà nísàlẹ̀, wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn. "Fi ẹ̀yìn tì í! Fi ẹ̀yìn tì í, akọ̀wé, kì í ṣe ìyàwó rẹ lo dì mọ́ yẹn!" Mo dé ibi tó ga tó orí ilé méjì tí wọ́n gbé léra, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró alùpùpù. Ọ̀gá jándámù ni, òun àti ọmọ ogun kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹnìkan ti lọ sọ fún un.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wòkè, ó rí mi, ó ní, "Músíò akọ̀wé! Kí lò ń wá lókè yẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ká ní mo wà nílẹ̀ ni, mo lè ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan míì fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, òun náà ò sì lè gòkè wá bá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ọwọ́ ìjọba ò tó mi. Ni nǹkan kan bá yọ látinú ikùn mi, mi ò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ rí. Mo pariwo ní Yorùbá, mo ní, "Ẹ̀yin ará Bánígbé, bàbá yìí ò jábọ́! Àwọn wọ̀nyí ló nà án lójú ọ̀nà! Èmi ni mo bá wọn kọ irọ́ náà, mo ní ọ̀pẹ náà ga, kò sì ga, torí kò sí ọ̀pẹ kankan níbẹ̀!" Mo tún sọ ọ́ ní Faransé, kí ọ̀gá náà má baà ní òun ò gbọ́. Lọ́yà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àṣìṣe mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó yéni.

Ìyàwó bàbá ọ̀kọ́pẹ dúró láàárín èrò, ó fi ọwọ́ sétí, ó ní, "Tún un sọ! Àwa tá a wà lẹ́yìn ò gbọ́!"

Ó gbọ́ o. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ojúde ń bá mi parí ẹ̀. Délégé ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá jándámù ń pariwo pé kí n sọ̀kalẹ̀ kíá. Àgbà ọ̀kọ́pẹ dá a lóhùn wọ̀ọ̀, ó ní, "Kámáràdì ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù. Kò tíì gé imọ̀." Àwọn ọ̀kọ́pẹ tó kù bọ́ síwájú, wọ́n dúró yí ìdí ọ̀pẹ ká, wọn ò bú u, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn dúró bí ẹni tó ń dúró de ẹyìn. Mo ṣá imọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó gé. Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ gún ilẹ̀ nítòsí bàtà ọ̀gá. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sì sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ dòní. Bí mo ṣe ń bọ̀ wá sílẹ̀, tó kù díẹ̀ kí n dé, igbà yọ̀ lẹ́yìn mi, mo já bọ́ gbì, ìdí ni mo fi gúnlẹ̀ síwájú ìjọba.

Wọ́n gbé mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò ní ibùdó wọn, wọ́n sì ṣe fún mi ohun tí mo ti ń kọ sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Mi ò ka iye ẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níta látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọ̀kọ́pẹ ni, wọ́n jókòó sí òdìkejì ọ̀nà pẹ̀lú igbà léjìká, wọ́n ń pín ara wọn, bí àwọn kan bá lọ, àwọn kan á dé. Ìyá onígàrí wá láti Daagbé, ọkùnrin aláìléyín wá. Ẹni tó bá kọjá tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn wá kí èèyàn kú ewu ni, pé kò tíì jáde. Lọ́yà wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tì mí síta.

Kí n tó jáde, olóko kan ti lọ sílé bàbá ọ̀kọ́pẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ wá bá òun kọ ọ̀pẹ òun, ẹyìn ti ń jẹrà lórí. Èkejì dé, ẹ̀kẹta dé. Bàbá dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun ń ronú sí i.

Dósíè aláwọ̀ ewé lọ sí Àjàṣẹ́. Wọn ò pè wá sí kóòtù. Ìjọba kámáràdì kógbá wọlé, òmíràn dé, wọ́n gbé ọ̀gá jándámù yẹn lọ síbòmíràn, ó ṣeé ṣe kó wà níbi kan báyìí tó ń bá àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣeré. Mi ò ní parọ́ fún yín pé a borí. Ṣùgbọ́n níbi tí ibùdó wọn wà, obìnrin kan ló ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò níbẹ̀ nísinsìnyí, bí mo bá sì ń kọjá, mo máa ń rọra lọ, mo máa ń gbé orí sókè, bí ẹni tó ni ọ̀nà. Bàbá ọ̀kọ́pẹ ti re ibi àgbà ń rè. Orí ibùsùn ló kú sí, ìyàwó ẹ̀ sì rí i dájú pé gbogbo ẹni tó wá síbi òkú ló gbọ́ ọ. Èmi ṣì ń kọ lẹ́tà. Àṣìṣe ń bẹ nínú gbogbo wọn, àmọ́ mi ò fi ohun tí mi ò rí kún un mọ́, kódà bí wọ́n bá pè mí ní ọba.

Mo ṣì rántí, lọ́jọ́ kejì tí mo ti ibùdó dé nígbà yẹn, tí mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní, bàbá náà wá kí mi. Ó rìn láti Bánígbé. Ó gbé ìgò epo kan kalẹ̀, ó mu omi mi, ó ní kú ewu, ó ní Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ó ká aṣọ kúrò lẹ́yìn mi, ó wò ó fínnífínní bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀, ó dá aṣọ padà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà.

Ó ní, "Akọ̀wé, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìwọ jábọ́ lórí ọ̀pẹ, a ò ní lè bá wọn jiyàn o. Gbogbo wa la rí ọ."